Ìbọn Afẹ́fẹ́ fún Àdàbà àti Ìkún: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Kí Ẹ Tó Wọ Oko

Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn afẹ́fẹ́ ń ṣe. Wọ́n á tú u nínú páálí lọ́sàn-án, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti wà létí oko ọkà bàbà. Ilẹ̀ á ṣú, agolo ọta á ti lọ sí ìdajì, àdàbà kan ò ní í bọ́ sílẹ̀. Èyí tí ọta bà pàápàá á gbé ọgbẹ́ fò lọ, á lọ kú síbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní ayédèrú ìbọn ni wọ́n tà fáwọn.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Létí oko ẹ̀pà kan lẹ́yìn Ìyàrà, níhà tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogi, mo yìnbọn sí àdàbà kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò tilẹ̀ mira. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fa ẹ̀pà nítòsí nà ró, ó ní, "Ọmọ mi, báwo ni ibi tóo wà ṣe jìnnà sí ẹyẹ yẹn tó?" Mo ní, "Bàbá, kò lè ju mítà 20 lọ." Ó ní, "Lọ fẹsẹ̀ kà á." Mo kà á: ẹsẹ̀ 47. Ẹsẹ̀ mi mẹ́rin ló ń jẹ́ mítà mẹ́ta, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mítà 35 ni. Gbogbo ọta mi ló ti gba abẹ́ ẹyẹ náà kọjá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó bá ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjìnnà nísàlẹ̀ ju orí ìbọn fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì, irú èyí tí à ń ká lọ́rùn kó tó gba ọta. Àwọn kan wà tó ní ìgò afẹ́fẹ́ lára. Wọn kì í ta lọ́wọ́, wọ́n sì rọrùn láti yìn, ṣùgbọ́n wọ́n nílò pọ́ńpù tàbí ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sí wọn. Tí ìyẹn bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ní Ìsánlú, ta ló máa bá yín tún un ṣe?
- Ọta tó bá ẹnu ìbọn yín mu. Méjì ló wọ́pọ̀: 4.5 mm (.177) àti 5.5 mm (.22). Ti 4.5 máa ń lọ gbọọrọ jù, ti 5.5 sì wúwo jù. Èmi fara mọ́ 5.5 fún ẹran jíjẹ. Ẹ ra olórí roboto. Olórí ṣóńṣó ń dẹ́rù bani lójú, àmọ́ kì í sábà kó jọ sójú kan.
- Páálí, bírò, ìderí ìgò mínírà bíi mẹ́wàá, àti àpò ìrẹsì tí ẹ rọ yanrìn kún.
- Okùn mítà 40 tí ẹ ta kókó sí ní mítà márùn-ún márùn-ún.
- Awò tó ń dáàbò bo ojú, ọ̀bẹ mímú, ìwé kékeré kan.

Ẹ lè fi awò tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú sórí ìbọn, kò pọn dandan. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn onísípíríǹgì, torí títa ìbọn yìí máa ń fọ́ awò lásán. Ní ti aṣọ, aṣọ oko àtijọ́ tó pọ́n bí ewé gbígbẹ ti tó. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti sójà. Òfin kò fàyè gbà á fún aráàlú, pàápàá lórí ọ̀nà wa tí àyẹ̀wò ti pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìwé àṣẹ, àti àwọn tó yẹ kó mọ̀ pé ẹ wà nínú igbó

Ẹni tó ń tà á lè sọ pé "ìbọn ọmọdé ni, kò gba ìwé." Ẹ má gbọ́. Òfin ìbọn Nàìjíríà, ti 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn ara ẹni tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè gba ìwé náà rárá. Torí náà, àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ láti béèrè bó ṣe ń lọ, kí ẹ tó san owó ìbọn.

Ìwé nìkan kò tó níhà tiwa. Gbogbo wa la mọ bí igbó ṣe rí nísinsìnyí láti Kàbà lọ dé Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ọdẹ àti fijilanté ń ṣọ́ ọ̀nà oko, ẹni tí wọn kò mọ̀ tó gbé ohun gígùn kọ́ èjìká kò ní í rí àlàyé ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ kí olórí ọdẹ ìlú, ẹ fi ìbọn hàn án, ẹ sọ apá ibi tí ẹ fẹ́ máa lọ àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ máa lọ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olóko náà. Tí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà, inú àpò ni ìbọn máa wà, láìní ọta nínú, pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí ẹnì kan bá dá yín dúró ní ojú ọ̀nà oko lónìí, ṣé ẹ lè dárúkọ olóko, kí ẹ dárúkọ olórí ọdẹ, kí ẹ sì fa ìwé yọ? Tí ọ̀kan bá kù, ẹ kò tíì ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 2: Kíká ìbọn láì gé ìka

Ẹ fi ìdí ìbọn ti itan, ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú lókè, ẹ ká a wálẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "kà!" Ibí ni àṣìṣe wà. Nígbà tí ìbọn bá ti ká, ọwọ́ tí ẹ fi di ọ̀pá mú kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi ki ọta bọ̀ ọ́ tán. Tí sípíríǹgì bá já tàbí tí ìka bá ṣèèṣì kan tìrígà, ọ̀pá náà á fò padà, àtàǹpàkò yín ló máa bá níbẹ̀. Ẹ wo ìdí ọta kí ẹ tó kì í. Tí etí rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ jù ú nù.

Ẹ má yìn ín láìní ọta nínú. Ọta ló ń mú kí afẹ́fẹ́ di timutimu fún písítìnì, irin inú ìbọn tí sípíríǹgì ń tì síwájú. Láìsí i, irin á lu irin. Ẹ má sì fi ìbọn tó ti ká sílẹ̀ fún wákàtí kan torí pé ẹ ń dúró de ẹyẹ, sípíríǹgì á rẹ̀.

Ti epo ńkọ́? Àwọn kan máa ń da àdín tàbí òróró sínú ihò afẹ́fẹ́ kí ìbọn "lè le sí i." Ó máa dún gbàù lóòótọ́, torí epo náà ń gbiná nínú bí ẹ́ńjìnnì dísù, ó sì ń ba inú ìbọn jẹ́. Ìbọn tuntun máa ń rú èéfín díẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, á dáwọ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ má fún un mọ́ra

Ẹni tó ti yin ìbọn ìbílẹ̀ rí ló máa ń kùnà jù níbi yìí. Wọ́n ti kọ́ ọ láti di ìbọn mú gírígírí. Ìbọn onísípíríǹgì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń ta sẹ́yìn, ó tún ń ta síwájú, kí ọta tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá fún un, ó máa ta síbi tí ọwọ́ yín bá tì í sí, ọwọ́ kì í sì í fún nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jókòó, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ìyọ̀, kí ìbọn jókòó lé e. Ẹ má fi ìka ká a mọ́lẹ̀. Ìdí ìbọn kan èjìká, kò wọ̀ ọ́. Ẹ mí sínú, ẹ mí díẹ̀ síta, ẹ fa tìrígà díẹ̀díẹ̀ láì já a. Lẹ́yìn tó bá dún, ẹ má gbójú sókè láti wo bóyá ó bà. Ẹ ṣì máa wo ojú ìbọn títí ẹ ó fi ka ení, èjì.

Ẹ má gbé e lé orí àpáta tàbí igi gan-an. Ó máa fò sókè, ọta á sì lọ sókè pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá nílò ibi ìgbélé, ẹ fi ọwọ́ sáàárín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fojú sun páálí, ẹ pa ojú dé, ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ la ojú. Tí ojú ìbọn bá ti yà sápá kan, ara yín ló ń fi agbára gbé e lọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ yí ìjókòó padà, kì í ṣe ọwọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Títọ́ ojú ìbọn

Ẹ gbé páálí síwájú àpò yanrìn, kí òkìtì ilẹ̀ tó ga wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ wa kún fún àpáta, àpáta sì máa ń dá ọta padà sí ẹni tó yìn ín. Odò àti ilẹ̀ tó gan náà ń ṣe é. Ẹ wọ awò ojú. Kí àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn yín, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí.

Ẹ fa okùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 10. Ẹ fi bírò fa àmì kan, ẹ yin ọta márùn-ún sí i láì fọwọ́ kan síkúrúù kankan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ ni pé wọ́n ń yí síkúrúù lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ọta kan kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ jẹ́ kí márùn-ún wà níbẹ̀, ẹ wo àárín wọn, ibẹ̀ ni ìbọn ń wò. Tí wọ́n bá wà lápá òsì tí ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ sọ́tùn-ún, ẹ ti ojú ẹ̀yìn (ojú ìbọn tó sún mọ́ ojú yín) lọ sọ́tùn-ún. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lọ sókè, ẹ gbé ojú ẹ̀yìn sókè. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni ẹ ń ti ojú ẹ̀yìn sí. Ẹ yin márùn-ún mìíràn.

Nígbà tó bá tọ́ ní mítà 10, ẹ sún lọ sí mítà 20, ẹ tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ ó fi ojú ìbọn sí títí lọ (ẹni tó bá ní awò lè fi í sí mítà 25). Tó bá jẹ́ ìbọn tuntun, ẹ padà wá tọ́ ọ lẹ́yìn bíi 200 ọta, torí á ṣì máa yí díẹ̀ kó tó fara balẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní mítà 20, ọta márùn-ún tí ẹ yìn tẹ̀lé ara wọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìderí ìgò mínírà kan. Tí mẹ́rin bá wà níbẹ̀ tí ọ̀kan sá lọ, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 3, torí ọwọ́ ni. Tí gbogbo wọn bá tú ká, ẹ gbìyànjú irú ọta mìíràn, kí ẹ sì yí síkúrúù ara igi ìbọn kó le dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá síkúrúù tó dẹ̀ nígbà tí mo rò pé ojú mi ló ti lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé ìjìnnà yín

Ẹ máa rò pé ẹ ti ṣe tán. Ẹ kò tíì ṣe tán o, ibí gan-an ni Bàbá ẹlẹ́pà ti mú mi.

Ọta afẹ́fẹ́ kì í yára bí ọta ìbọn ńlá. Ti 5.5 máa ń jáde ní nǹkan bíi mítà 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ti ń já wálẹ̀ láti ìgbà tó ti jáde. Nínú ìbọn tèmi, tí mo fi ojú rẹ̀ sí mítà 20 láìní awò, ọta ń lọ sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà 25, ó tó 5 ní mítà 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 ní mítà 35. Orí àdàbà kò sì ju ìbú ìka kan lọ púpọ̀. Ẹ ti wá mọ ìdí tí ẹyẹ mi kò fi mira.

Ẹ má kọ iye tèmi sílẹ̀, tiyín ni kí ẹ wá. Ẹ so páálí mọ́ àpò yanrìn, ẹ fojú sun àmì kan náà láti mítà 10, 15, 20, 25 àti 30, ọta márùn-ún márùn-ún. Ẹ fi rúlà wọn bí àárín wọn ṣe jìnnà sí àmì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn.

Lẹ́yìn náà, ìdánwò ìderí. Ẹ to ìderí ìgò márùn-ún sórí àpò yanrìn. Ní mítà 15, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọta kan. Tí ẹ bá ba márààrún, ẹ sún sẹ́yìn mítà márùn-ún. Ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ kùnà ọ̀kan, ẹ padà síwájú mítà márùn-ún: ibẹ̀ ni òpin yín sí ẹran. Ti ẹlòmíì lè jẹ́ 30, tiyín lè jẹ́ 15. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, mítà 15 ti tó láti pa àdàbà. Mo mọ ẹnì kan tí òpin rẹ̀ kò ju 15 lọ, tí ẹran kì í sì í wọ́n nínú ọbẹ̀ rẹ̀, torí ó ní sùúrù ju gbogbo wa lọ.

Ohun tó kù ni kí ojú yín mọ mítà. Nígbà tí ẹ bá ń rìn lọ sí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mú igi kan, ẹ sọ iye mítà tó jìnnà, ẹ fẹsẹ̀ kà á. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ó rí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo nǹkan mẹ́wàá, ẹ sọ ìjìnnà wọn. Tí ẹ kò bá fi ju mítà mẹ́ta ṣìnà nínú mẹ́jọ, ẹ lè wọ oko.

Ìgbésẹ̀ 6: Nínú oko

Àsìkò tó dára jù ni ìgbà tí ọyẹ́ bá wọlé, tí wọ́n ti ń kórè ọkà bàbà, ẹ̀pà àti ìrẹsì. Àdàbà máa ń wá ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ́n á tún padà wá nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi ni kí ẹ wá: ibi tí odò ti kù díẹ̀, wọ́n ń wá mumi lójoojúmọ́. Ìkún ní tirẹ̀ máa ń jáde lójú oòrùn gan-an, ó ń wú ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Inú olóko á dùn sí yín.

Ẹ má rìn kiri. Ẹ tètè dé kí ẹyẹ tó dé. Ẹ yan ibi tí ẹ ó jókòó lábẹ́ igi igbá tàbí igi èmì, ẹ fa okùn yín, kí ẹ gbé òkúta kan sí mítà 15, òmíràn sí 20, òmíràn sí òpin yín. Nígbà tí ẹyẹ bá balẹ̀, ẹ kò ní í máa méfò mọ́. Èyí tó bá kọjá òkúta òpin yín, ẹ jẹ́ kó máa jẹun lọ.

Ẹyẹ tó wà lórí ẹ̀ka tí òfuurufú wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé orí ẹ̀ka ni wọ́n fẹ́ràn, ó máa ń dunni. Ṣùgbọ́n ọta tó bá tàsé ń lọ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan mítà, ẹ kò sì mọ ẹni tó ń ro ebè lódì kejì. Àdàbà máa ń kọ́kọ́ bà sórí ẹ̀ka láti wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ẹ dúró dè é. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gan-an láti ẹ̀gbẹ́, ẹ dín òpin yín kù sí mítà 15.

Àwọn tí ẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn sí:

- Ẹyẹlé. Ẹnì kan ló ń sìn ín, kódà tó bá wà ní oko.
- Igún, tí kò pọ̀ mọ́ rárá, àti àṣá, tó ń bá yín pa eku.
- Lékèélékèé. Kòkòrò ló ń jẹ, kò jẹ ọkà yín.
- Ọ̀yà. Ó tóbi ju agbára ìbọn yìí lọ, ó máa sá wọ koríko lọ jẹrà.
- Eku kéékèèké ilé àti ti oko. Ibà Lassa ti wáyé ní Kogi, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ kàn.

Mo tún máa fi àparò kún un fún ọdún àkọ́kọ́ yín. Ó ń sáré jù.

Ìgbésẹ̀ 7: Yíyìn, àti ohun tó tẹ̀ lé e

Àdàbà tó kọjú sí yín, ẹ dúró. Àpò oúnjẹ tó wà láyà rẹ̀ ti kún fún ọkà, ó lè dí ọta lọ́nà, irú rẹ̀ ló sábà ń gbé ọgbẹ́ fò lọ. Ẹ jẹ́ kó yí ẹ̀gbẹ́ sí yín, kí ẹ wo ìdí apá rẹ̀. Tó bá kọ ẹ̀yìn sí yín, àárín apá méjèèjì ni. Orí dára tó bá wà ní mítà 15 tàbí kó sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìkún, orí nìkan ni, láàárín ojú àti etí. Ara rẹ̀ le.

Nígbà tó bá ṣubú, ẹ mọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ewé kan tàbí kùkùté kan kí ẹ tó dìde, torí koríko gbígbẹ àti ìyẹ́ àdàbà jọra púpọ̀. Tó bá ṣì ń mí, ẹ lọ́ ọ lọ́rùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí tó fẹ́ fún Mùsùlùmí jẹ, kí ó fi ọ̀bẹ dú u kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ọ̀bẹ wà lápò. Tí ẹ bá rí ẹyẹ tó ti kú tẹ́lẹ̀ tàbí tó ń tagọ̀ọ́gọ̀ọ́ láìsí ọta, ẹ má mú un. Oògùn kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ tu ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ó máa ń rọrùn. Ẹ yọ ìfun kí oòrùn tó mú un.

Òjé ni ọta yìí, májèlé sì ni, àwọn ọmọdé àti aboyún ló ń ṣe níbi jù. Ẹ má kó ọta sẹ́nu bí àwọn kan ṣe ń ṣe kí ọwọ́ wọn lè ṣófo, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Níbi tí ọta gbà wọlé, ẹ gé ẹran tó ti dúdú yíká ibẹ̀ dànù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ ti rí ọta náà, tàbí ihò tó gbà jáde? Tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ẹran náà láti ọrùn dé ìdí, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi kan ohun líle tí kì í ṣe egungun, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò kaná.